Àga Iwájú Tó Ṣófo

Ọpẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣáájú ọ̀rọ̀ mi. Mo dúpẹ́ pé mo ní ọmọbìnrin kan. Mo dúpẹ́ pé ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ó fi ẹnu ara rẹ̀ pè mí ní Daddy, ó sì mọ Olúwa rẹ̀ kó tó lọ. Mo dúpẹ́ lórí ìyàwó mi, tí Ọlọ́run dì mú nígbà tí apá tèmi kò ká a. Bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi títí tó fi kú, máa ń sọ fún wa pé ẹni tí kò bá rí ohun tó máa dúpẹ́ lé lórí, kó mí sínú, kó mí síta, kó wá dúpẹ́ lórí ìyẹn. Àwọn àárọ̀ kan wà tó jẹ́ pé èémí yẹn nìkan ni mo rí. Mo fi dúpẹ́.

Họ́kì orí yìnyín ni ọmọ mi ń gbá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó máa ka ìwé yìí kò rí irú rẹ̀ rí. Èmi náà kò rí i rí kí a tó dé Toronto. Inú gbọ̀ngàn ńlá kan ni wọ́n ti ń gbá a, tí wọ́n fi omi dídì tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ pẹrẹsẹ bíi dígí. Àwọn tó ń gbá a wọ bàtà tó ní irin mímú bí ọ̀bẹ ní àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n mú ọ̀pá gígùn tó tẹ̀ nídìí lọ́wọ́, wọ́n sì ń lé róbà dúdú pẹlẹbẹ kan kiri bí ẹni ń lé eku. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń kọlu ara wọn, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wò ó, mo ní, "Olúwa, kí ni mo gbé ọmọ mi wá bá níbí?"

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ kan kó wọn lọ sí pápá yìnyín kan ní Etobicoke, kò jìnnà sí ilé wa, láti ọjọ́ yẹn ni kò ti fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Èmi ni mo máa ń so okùn bàtà náà fún un nígbà náà. Okùn yẹn kì í ṣe okùn bàtà lásán. Ó gba agbára, bí kò bá sì le dáadáa, ọrùn ẹsẹ̀ á yẹ̀. Orí eékún ni mo máa ń wà níwájú rẹ̀, màá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan mi, màá máa fà á. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ wa, tí ọmọ-ọmọ tirẹ̀ náà ń kọ́ eré yẹn, bá mi níbẹ̀ ní ọjọ́ kan.

"Háà, dáadi yìí! Ẹ wá kúnlẹ̀ fún ọmọ yín!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe ọmọ ni mo kúnlẹ̀ fún, bàtà ni."

"Ó dáa. Ẹ bá wa gbàdúrà sí bàtà náà, kó má jẹ́ kí wọ́n ṣubú."

Ọmọ mi kò dákẹ́ nílé bó ṣe ń fi ohùn bàbá náà ṣe yẹ̀yẹ́ mi. Yorùbá ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn, àmọ́ tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Yorùbá rẹ̀ á dé ní kíá.

Nígbà tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ní apá Rexdale, ó wọ ẹgbẹ́ họ́kì àwọn obìnrin ilé-ìwé náà. Ẹ̀yìn ló máa ń gbá, láàárín àwọn tó ń dènà kí ọ̀tá má dé ọ̀dọ̀ aṣọ́lé, ẹni tó ń ṣọ́ ojú gólì. Kì í sábà jẹ gólì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó fi ara rẹ̀ dí ọ̀nà. Tí ẹnìkan bá gbá róbà yẹn wá, tí ojú mi bá sì ti fẹ́ pa dé nítorí ìbẹ̀rù, òun á ti sọ ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyàwó mi máa ń rí àwọ̀ aró níbi tí róbà náà ti bà á ní itan àti ní ìhà rẹ̀, á fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, á máa kùn.

Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Àwọn tó ń wá wo wọ́n kò pọ̀: àwọn òbí díẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́kùnrin wọn, àti èmi, pẹ̀lú kóòtù méjì lọ́rùn. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n bá ti ṣe ìmúrasílẹ̀ tán, díẹ̀ nínú wọn máa ń tẹ̀lé e wá sí àpátímẹ́ǹtì wa, ilé á sì kún fún bàtà láti ẹnu ọ̀nà títí dé ilé ìdáná.

Àwọn méjì ni mo mọ̀ jù. Balógun ẹgbẹ́ náà jẹ́ ọmọ òyìnbó kan, ọmọ àgbẹ̀ tó ń sin màlúù ní ìlú kékeré kan ní òkè àríwá. Èjìká rẹ̀ gbòòrò, ohùn rẹ̀ sì kéré. Òun ló kọ́kọ́ bọ́ bàtà láìjẹ́ pé a sọ fún un, òun ló sì kọ́kọ́ pè mí ní Daddy bí ọmọ mi ṣe ń pè mí. Ẹnì kejì ni aṣọ́lé wọn, ọmọ Filipínì kan tó tín-ín-rín, tí kì í jẹun tí ìdíje bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dun ìyàwó mi gan-an.

"Egungun lo fẹ́ fi ṣọ́ ilé ni?" ó bi í lọ́jọ́ kan.

Ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀. Aṣọ́lé náà rẹ́rìn-ín. "Sọ fún Mummy pé egungun ló dára jù. Kì í ní àwọ̀ aró lára."

"Sọ fún un pé ajá á gbé egungun lọ," ni ìyàwó mi wí, ó sì bu ìrẹsì sí i lábọ́.

Ohun kan tún wà tí mi ò lè ṣàìsọ. Kí wọ́n tó jáde sórí yìnyín, ọmọ mi máa ń dúró sí kọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìmúra wọn, á gbàdúrà kúkúrú. Balógun kì í gbàdúrà, ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ó máa ń dúró tì í, á bá a mú ọ̀pá rẹ̀ títí á fi ṣe àmín. Mo rí wọn bẹ́ẹ̀ nígbà púpọ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé ọmọ mi kò dá wà ní ilẹ̀ yìí.

Ìgbà tí ewé bá ń pọ́n ni sáà ìdíje wọn máa ń bẹ̀rẹ̀, á sì parí nígbà tí òtútù bá fẹ́ máa dẹ̀. Ní sáà tó gbá kẹ́yìn, wọ́n kọ́kọ́ ń pàdánù, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí borí. Kí Kérésìmesì tó dé, wọ́n ti ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé tí nǹkan bá ń lọ báyìí, àwọn á wọ ìpele àṣekágbá, ohun tí ẹgbẹ́ náà kò tíì ṣe láti ìgbà tí ọmọ mi ti wà níbẹ̀. Ó ń sọ ọ́ lórí tábìlì, ó ń sọ ọ́ nínú ọkọ̀. Ìyàwó mi ní kó fi Jésù sí i. Ó ní, "Mummy, He's on the roster," pé orúkọ Jésù ti wà lára àwọn tó ń gbá a.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n padà sí ilé-ìwé lẹ́yìn ọdún tuntun ni. Òjò dídì ti rọ̀ láàárọ̀, gbogbo ojú ọ̀nà sì ń dán. Ó dúró ní ibùdókọ̀, ó ń retí bọ́ọ̀sì, lọ́sàn-án gangan. Ọkọ̀ kan yọ̀ lórí yìnyín, ó gun ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń dúró sí. Awakọ̀ náà kò sáré. Àwọn ọlọ́pàá sọ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Mo wà ní Vaughan, nínú ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń wa fọ́ọ̀kílíìfù, ọkọ̀ kékeré tó ń gbé ẹrù, nígbà tí ọ̀gá mi wá fọwọ́ kàn mí léjìká. Kí n tó dé ilé ìwòsàn, ó ti lọ. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀yin tó jẹ́ Yorùbá mọ ohun tó kàn. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Bàbá àti ìyá kì í bá òkú ọmọ dé ibojì, wọn kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń sin ín. Ìyá mi, tó ti dàgbà gan-an, pè mí láti ilé lọ́hùn-ún. Kò sunkún. Ó jọ pé ó ti sun ún tán kó tó pè.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò gbọdọ̀ débẹ̀. Ìwọ àti ìyàwó rẹ."

"Mà, níbí, gbogbo òbí ló máa ń lọ."

"Ṣé níbẹ̀ ni mo ti bí ọ?"

Mo bá pásítọ̀ wa sọ ọ́. Ó ronú, ó ní òun kò rí ẹsẹ Bíbélì tó kọ̀ ọ́, òun kò sì rí èyí tó pa á láṣẹ. Ó ní, "Ohun tí ọkàn yín bá lè gbé ni kí ẹ ṣe." Ọkàn wa kò lè gbé e. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, ilé la wà. Àwọn àgbà ìjọ jókòó tì wá, àwọn ìyá kọrin jẹ́jẹ́, méjì nínú wọn di ìyàwó mi mú. Àbúrò ìyàwó mi ló wá láti ìlú mìíràn, òun ló sáré gbogbo ètò. Nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ní, "Ó lọ dáadáa." A kò bi í ní nǹkan mìíràn. A kì í bèèrè.

Lẹ́yìn náà, mo padà sí ẹnu iṣẹ́, nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ẹgbẹ́ ọmọ mi náà padà sórí yìnyín. Mo máa ń wo èsì ìdíje wọn lórí fóònù nígbà ìsinmi, tí ẹnikẹ́ni kò bá wò mí. Wọ́n pàdánù, wọ́n tún pàdánù. Ní ìgbà kan wọ́n borí, mo sì bá ara mi tí mo fẹ́ pe ọmọ mi kí n bá a yọ̀. Fóònù ti dé etí mi kí n tó rántí.

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, agogo ẹnu ọ̀nà dún. Balógun ló wà níbẹ̀, òun nìkan. Ó bọ́ bàtà, ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ẹ káàsán, Daddy."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Wọlé."

Kò jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí. Etí àga ló jókòó sí, ó mú ife omi dání, kò mu ún. Ìyàwó mi kí i, ó sì padà sí ilé ìdáná, ó ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Balógun fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó gbé e wá: ìdíje tí wọ́n máa gbá kẹ́yìn nílé ti ń bọ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fẹ́ gbé jẹ́sì ọmọ mi kọ́ sí òkè gbọ̀ngàn náà láti fi bọlá fún un. Wọ́n á tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sórí yìnyín.

"Ẹ̀yin àti Mummy lẹ máa dúró lórí rẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn," ó ní. "Kóòṣì ló ní kí n wá bẹ̀ yín."

Mo ní, "A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n a ò lè wá."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. "Daddy, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Bi mí."

"Ṣé ẹ ń bínú sí i ni?"

"Sí ta?"

Ó dárúkọ ọmọ mi. "Nítorí họ́kì. Àwọn kan nínú wa ń rò ó pé ẹ ò fẹ́ kó máa gbá a. Pé nítorí ẹ̀ ni ẹ ò ṣe wá."

Omi tó ń dà ní ilé ìdáná dúró. Mo gbọ́ bí ìyàwó mi ṣe ti ẹnu ẹ̀rọ omi náà.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ síta. À kàn ń rò ó ni. Nítorí àwọn àga yẹn."

"Àwọn àga wo?"

Ó wá sọ fún mi, díẹ̀ díẹ̀. Ó ní nígbà tí àwọn dé ibi ìsìnkú náà, wọ́n ti so rìbọ́nù funfun mọ́ ìlà àga méjì tó wà níwájú pátápátá. Ti ìdílé ni. Kóòṣì ní kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ìdílé, ni gbogbo wọn bá lọ jókòó sẹ́yìn, pẹ̀lú jẹ́sì lọ́rùn. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa jókòó sí ẹ̀gbẹ́, àwọn náà kò lè kọjá rìbọ́nù. Àbúrò ìyàwó mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá àwọn tó máa gbé pósí sọ̀rọ̀.

"A ń retí yín," ó ní. "Tí ilẹ̀kùn bá ti dún, gbogbo wa á yíjú padà. A rò pé ọ̀nà ló dí mọ́ yín. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀, a ṣì ń yíjú padà. Kò sẹ́ni tó jókòó síwájú, Daddy. Òun nìkan ló wà níbẹ̀."

Mo ti gbà lọ́kàn mi látọjọ́ yẹn pé ẹgbẹ́ rẹ̀ yí i ká. Àwòrán tí mo fi ń sùn nìyẹn: àwọn ọmọbìnrin yẹn, èjìká sí èjìká, ọmọ mi láàárín wọn. Bí mo ṣe jókòó sílé tí mo ń tu ara mi nínú pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n wà, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn nítorí mi.

Ìyàwó mi ti jáde wá. Ó dúró lẹ́bàá ògiri, aṣọ ìnuwọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Sọ fún un," ó ní. "Sọ fún un báyìí."

Mo sọ fún un. Mo ní, "Nílé wa, ìdílé kọ́ ló ni àga yẹn. Ẹ̀yin lẹ ni ín."

"Àwa?"

"Ẹgbẹ́ ọmọ ló ń sin ọmọ. Bàbá àti ìyá á jókòó sílé. Ọmọ ló yẹ kó sin òbí, bí Ọlọ́run ṣe tò ó nìyẹn. Tí ó bá wá dorí kodò, òbí kì í lọ wò ó. Tí mo bá lọ dúró níbẹ̀, bí ẹni pé mo fọwọ́ sí i ni. A ò bínú sí i. Ọkàn wa kò gbà á ni a ò ṣe wá."

Ó wo èmi, ó wo ìyàwó mi. "Kò sẹ́ni tó sọ fún wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún yín."

"À bá gbé e." Omijé ti dé ojú rẹ̀, kò nù ún. "À bá gbé e, Daddy. A lágbára. Tí ẹnìkan bá fara pa lórí yìnyín, àwa la máa ń gbé e jáde. À bá gbé e."

Ìyàwó mi lọ bá a lórí àga náà, ó fà á mọ́ra, àwọn méjèèjì sì sunkún bí ẹni tí wọ́n jọ bí. Èmi wo ojú fèrèsé. Kò sí ẹni tí mo lè bá wí. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún wa, àwa náà bọ̀wọ̀ fún àṣà wa, àárín ọ̀wọ̀ méjèèjì ni ọmọ mi dá wà sí.

Nígbà tí ó lọ, mo pe ìyá mi. Mo sọ fún un bí ó ti rí.

"Àwọn ọmọ yẹn," ó ní, "ṣé wọ́n dúró títí wọ́n fi bò ó?"

"Wọ́n dúró, mà."

"Nínú òtútù yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé o ti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn?"

Mo ń wo ife omi tí balógun fi sílẹ̀.

"Mo ní ṣé o ti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn?"

"Rárá, mà. Ẹ ní kí a má débẹ̀..."

"Mo ní kí o má dé ojú oórì. Ṣé mo ní kí o má dúpẹ́ ni? Ẹni tó báni sin ọmọ, a gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dìde, kí o lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá lu ara wọn yẹn." Ó tún ní, "Kí o wọ aṣọ tó nípọn."

Bí ẹnu rẹ̀ ṣe tú mi sílẹ̀ nìyẹn. Mo tẹ balógun láago. Mo ní a ò ní dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì náà, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n má fi àyè sílẹ̀ dè wá. Mo ní, "Ẹ̀yin ni kí ẹ dúró níbẹ̀, gbogbo yín. Kó má ṣe sí ibì kan tó ṣófo. Èmi máa wá kí yín kí ẹ tó jáde."

Ìyàwó mi kò lè bá mi lọ. Ó ní, "Lọ. Èmi ò tíì lè gbọ́ ìró ọ̀pá yẹn." Mo ti wọ bàtà nígbà tó tún pè mí. "Bi aṣọ́lé yẹn bóyá ó jẹun."

Kóòṣì gbà mí sí yàrá ìmúra wọn nígbà tí gbogbo wọn ti wọṣọ tán. Ó rùn fún òógùn àti róbà. Wọ́n jókòó yí ká lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ti fi aṣọ eré tó nípọn yẹn di ńlá, mo sì rí i pé ọmọdé ni gbogbo wọn. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ láti ilé-ìwé mísọ́n, tí mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ kí n tó wá síbí, gbogbo rẹ̀ sá kúrò lẹ́nu mi. Èyí tó wá ni mo sọ.

"Ẹ ṣé. Ẹ ṣeun gan-an ni. A ò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín."

Wọ́n ń wò mí. Balógun ní, "Daddy, kí ni ìyẹn?"

Mo wá rí Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Mo ṣàlàyé pé tí èèyàn bá báni ṣe ìnáwó ayọ̀, a ń gbàdúrà pé kí á lè bá òun náà ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá báni ṣe irú èyí, a ń bẹ Ọlọ́run kí á má rí ọjọ́ tí a máa ṣe irú rẹ̀ fún un láé. Mo ní àwọn ni wọ́n sin ọmọ mi. Mo ní kì í ṣe àlejò ni wọ́n níbẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ará ẹ̀yìn. Mo ní ìyá rẹ̀ gbọ́, ìyá mi tó wà nílé gbọ́, gbogbo wa ń dúpẹ́.

Lẹ́yìn náà, aṣọ́lé béèrè, pẹ̀lú ohun ìdáàbòbò eyín lẹ́nu rẹ̀, "Kí la máa ń dáhùn?"

"Àmín lẹ máa ní."

Gbogbo wọn ní àmín, ó wúwo lẹ́nu wọn bí ẹni tí oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀. Mo sì bi aṣọ́lé bóyá ó jẹun. Ó ní ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Mo ní màá sọ fún Mummy.

Òkè pátápátá ni mo dúró sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì náà, ó sì kéré jù fún wọn. Wọ́n há ara wọn mọ́ orí rẹ̀, àwọn tó wà létí ń di ara wọn mú kí wọ́n má baà yọ̀ bọ́ sórí yìnyín. Kò sí àyè tí ọmọdé kan lè gbà kọjá láàárín wọn. Nígbà tí jẹ́sì náà ń gòkè lọ, ẹgbẹ́ kejì tó wá bá wọn díje dúró lápá kejì, wọ́n ń fi ọ̀pá lu yìnyín jẹ́jẹ́. Bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ nídìí eré yẹn nìyẹn. Mo gbọ́ ìró náà nínú egungun àyà mi. Mo sọ fún Olúwa pé mi ò lóye ohun tó ṣe, ṣùgbọ́n mo rí àwọn tó fi dúró ti ọmọ mi.

Ì bá dùn mọ́ mi láti sọ fún yín pé wọ́n borí. Wọn kò borí. Wọ́n gbìyànjú gan-an, àmọ́ ẹni tí wọ́n fi rọ́pò ọmọ mi lẹ́yìn kéré, ó ń bẹ̀rù róbà yẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀tá ń gbà wọlé. Pẹ̀lú ìyẹn, ìpele àṣekágbá bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tò, wọ́n bọ ẹgbẹ́ kejì lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wọlé. Èmi náà lọ sílé.

Òtútù ti lọ báyìí. Balógun ti jáde ilé-ìwé, ó sì ti rí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ibi tí wọ́n sin ọmọ mi sí ló máa ń gbà wá, nígbà mìíràn pẹ̀lú aṣọ́lé, nígbà mìíràn pẹ̀lú gbogbo wọn. Wọ́n máa ń ro ibẹ̀, wọ́n máa ń nu òkúta náà. Èmi kò tíì rí i, mi ò sì ní rí i. Ohun tí wọ́n bá sọ ni mo mọ̀. Mo mọ̀ pé koríko ti hù bò ó. Mo mọ̀ pé igi kan wà nítòsí, àti pé àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńlá ilẹ̀ yìí máa ń rìn kiri níbẹ̀ bí onílẹ̀, wọ́n ń halẹ̀ mọ́ èèyàn.

"They act like they pay rent, Daddy," ni balógun wí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì rẹ́rìn-ín, kí ẹkún tó dé.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyàwó mi máa ń bi í, kì í yí i padà. "Ṣé oòrùn máa ń dé ibẹ̀?"

"Ó máa ń dé ibẹ̀, Mummy. Láti ọ̀sán lọ."

Ìyàwó mi á mi orí, á sì lọ gbé oúnjẹ wá.

Ìwọ tó ka èyí dé ìparí, Ọlọ́run á jẹ́ kí o dàgbà títí àwọn ọmọ rẹ á fi tọ́jú rẹ, àwọn ni yóò sì sin ọ́ lálẹ́ ọjọ́ rẹ. Bí o kò bá tíì rí ọmọ, Ọlọ́run á fún ọ. Bí o bá ti sọ irú ohun tí a sọ nù, kí Olùtùnú wọ ilé rẹ lónìí, kó jókòó tì ọ́, kó má sì tètè dìde. Níbikíbi tí ọmọ rẹ bá wà lórí ilẹ̀ ayé, kó rí ẹni tí yóò bá a dúró. Àmín.